Ohun Tó Gbé Mi Ṣubú Lórí Kẹ̀kẹ́

Òórùn róòbù ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Róòbù àti ata díndín, nítorí ìyá mi kì í ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná bí wọ́n bá ń dín ata, àti nítorí pé lójú tiwọn, kò sí egungun tó ṣẹ́ tí róòbù ò lè bá sọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì mà ni wọ́n o, nọ́ọ̀sì tó ṣiṣẹ́ ní ọsibítù ńlá kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì! Inú pálọ̀ wọn ní Crumpsall, ní England níbí, ni mo wà ní gbogbo summer yẹn, lórí àga onítìmùtìmù, tí wọ́n fi aṣọ gbé apá òsì mi kọ́ ọrùn. Ìwọ náà mọ̀ mí, mi ò mọ ìjókòó ṣe. Ìdíje kẹ̀kẹ́ orí òkè ń bọ̀ ní September, èyí tí mo ti ń múra fún láti ọjọ́ tó ti pẹ́, tí mo sì ti pariwo ẹ̀ fún gbogbo ọ́fíìsì. Ohun tó wá ń jẹ mí lọ́kàn ju egungun lọ ni pé ibi tí mo ti ṣubú kì í ṣe ibi tí èèyàn bíi tèmi ti ń ṣubú.

Mo mọ ọ̀nà yẹn bí ẹní mowó. Òkè kan ni lẹ́yìn ìlú Ashton, níbi tí ilé parí sí tí koríko àti àgùntàn ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé kan, èmi àti ọ̀rẹ́ mi òyìnbó kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní Salford Quays gun ún dé téńté, a sì yíjú sísàlẹ̀. Èmi ni mo ṣíwájú. Ohun tí mo tún mọ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni pé mo wà nílẹ̀, ẹnu mi kún fún iyẹ̀pẹ̀, akoto orí mi ti sán, àgùntàn kan sì ń wò mí bíi pé mo wọlé ẹ̀ láìkan ilẹ̀kùn. Ọ̀rẹ́ mi ti kúnlẹ̀ tì mí. Ó nawọ́ sí òkúta kan létí ọ̀nà, ó ní, "Òkúta yẹn lo kọlù." Mo gbà bẹ́ẹ̀. Egungun tó so ọrùn mọ́ èjìká ló ṣẹ́. Dókítà tó wo X-ray sọ pé bí mo bá fara balẹ̀, ó lè jinná kí ọjọ́ ìdíje tó pé.

Ta ló fẹ́ jẹ́ kí n fara balẹ̀? O ṣáà mọ àwọn èèyàn wa: ẹni tó bá bọ́ lọ́wọ́ ewu, a gbọ́dọ̀ kí i, ẹni tí a bá sì kí gbọ́dọ̀ ròyìn. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì á gbé ọsàn àti júùsì wọlé, wọ́n á ní, "O kú ewu o, ewu iná kì í pa àwòdì." Wọ́n á jókòó dáadáa. Wọ́n á ní, "Báwo ló tiẹ̀ ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an?" Ìyá àgbà kan wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n ní, "Ọmọ yìí, ilẹ̀ tẹ́jú lọ jàǹtìrẹrẹ, òkè lo tún ń wá kiri!" Kí n má parọ́ fún ẹ, mo gbádùn ìròyìn yẹn. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, òkúta náà ò ju ọsàn lọ. Kò pẹ́, ó ti tó ìkòkò ọbẹ̀. Nígbà tí díákónì àgbà fi máa dé, ó ti tó àpótí ìjókòó, ó sì ti ń yí bọ̀ fúnra ẹ̀ láti orí òkè. Díákónì pariwo "Jésù!", wọ́n dìde, wọ́n sì gbàdúrà lòdì sí gbogbo òkúta ilẹ̀ England.

Bí díákónì ṣe lọ tán, ìyá mi jáde láti ilé ìdáná, wọ́n ń nu ọwọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ ìtàn náà láti ọjọ́ tí àlejò àkọ́kọ́ ti dé.

"Fún ìyá àgbà, o ní apá òsì ni òkúta wà. Fún díákónì, apá ọ̀tún."

"Mummy, mo kàn ń fi iyọ̀ sí i ni."

"Mo mọ̀. Òkúta yìí, ìwọ fúnra ẹ, ṣé o fojú rí i kí o tó ṣubú?"

Mi ò rí i. Mo rántí géètì tí a gbà kọjá, mo rántí oòrùn tó ń jó mi lẹ́yìn ọrùn, ohun tó kàn lẹ́yìn ìyẹn ni iyẹ̀pẹ̀. Òkúta tí mo ti ń ròyìn ẹ̀ kiri fún gbogbo ayé, ọ̀rẹ́ mi ló fún mi. Mo pe ọ̀rẹ́ mi lójú ẹsẹ̀. Ó ní, "Ká sòótọ́, o ò fọwọ́ kan bíréèkì rárá. Orí ẹ ti tẹ̀ síwájú kí o tó débi òkúta. Mo rò pé ṣéènì kẹ̀kẹ́ lò ń wò ni." Ìyá mi, tí wọ́n ti sún mọ́ fóònù, ní, "Ó dákú nìyẹn. Ó lè jẹ́ ọkàn." Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò fẹ́ rọ̀, àmọ́ mo rí ọwọ́ wọn tó ń wá ẹ̀yìn àga tí wọ́n máa dì mú.

Bó bá jẹ́ òkúta ni, ọ̀rọ̀ ti tán. Egungun á jinná, màá gun kẹ̀kẹ́ mi. Àmọ́ bó bá jẹ́ ọkàn mi ló fẹ́ dá iṣẹ́ sílẹ̀, kì í ṣe ìdíje nìkan ló lọ, gbogbo òkè ló lọ. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́. Síbẹ̀, ó yà mí lẹ́nu pé bí ẹ̀rù ṣe ń bà mí tó, ó wù mí láti mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo máa ń dùbúlẹ̀ sórí àga yẹn, màá máa gbọ́ bí ọkàn mi ṣe ń lù, màá bi í pé, "Ṣé ìwọ ni, àbí ìwọ kọ́?"

A padà lọ bá dókítà pẹ̀lú ìtàn tí kò ní iyọ̀. Wọ́n lẹ ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ mi láyà kó máa ṣọ́ bí ọkàn ṣe ń ṣiṣẹ́, mo sì gbé e kiri fúngbà díẹ̀. Lọ́jọ́ tí a lọ gbọ́ èsì, ìyá mi tẹ̀ lé mi wọlé, wọ́n jókòó gbọnin pẹ̀lú báàgì lórí itan. Dókítà náà, obìnrin oníjẹ̀lẹ́ńkẹ́ kan, sọ pé kò sí nǹkan tó ṣe ọkàn mi. Ó wá ní, "Lówùúrọ̀ ọjọ́ yẹn, kí lo jẹ?"

Mo wolẹ̀. "Mi ò jẹ nǹkan kan."

"Omi ńkọ́?"

"Mi ò mu."

Ìyá mi gbàgbé pé dókítà wà níbẹ̀, Yorùbá ni wọ́n fi sọ ọ́: "Kí ló dé tí o ò jẹun?"

"Mo ń bá yín gbààwẹ̀ ni, Mummy."

Jẹ́ kí n ṣàlàyé. Lọ́sẹ̀ tí mo ṣubú yẹn, ìyá mi ti sọ fún mi lórí fóònù pé àwọn ń gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta nítorí ọ̀rọ̀ ìdíje mi, pé kò sí oúnjẹ, kò sí omi, títí di ìrọ̀lẹ́. Ìyá ẹni àádọ́rin ọdún ó lé! Báwo ni mo ṣe fẹ́ máa jẹ búrẹ́dì nígbà tí ebi ń pa wọ́n tìtorí mi? Mo dara pọ̀ mọ́ wọn láìsọ. Wọ́n sì ti kọ́ wa láti kékeré pé ẹni tó ń gbààwẹ̀ kì í kéde ẹ̀. Mi ò sọ fún ọ̀rẹ́ mi, mi ò sọ ní ọsibítù, kò tiẹ̀ wá sí mi lọ́kàn pé ó yẹ kí n sọ, nítorí lójú mi, ààwẹ̀ yẹn ló ń dáàbò bò mí. Ta ló máa fura sí ààwẹ̀?

Dókítà ní ara tí kò rí omi, tí kò rí oúnjẹ, tó sì ń gun òkè nínú oòrùn, kò sí ohun tó lè ṣe ju kó dákú lọ. Kí n máa jẹun, kí n máa mu omi, kí n sì máa gun kẹ̀kẹ́ mi lọ bí egungun bá ti jinná. Ó kù díẹ̀ kí n jó. A wọ tram, ọkọ̀ ojú irin ìgboro, padà sílé. Àmọ́ ìyá mi ò bá mi yọ̀, wọ́n ní, "Èmi ni mo gbé ẹ ṣubú."

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, Mummy. Ṣebí àdúrà lẹ̀ ń gbà fún mi."

"O ò mọ ohun tí mò ń tọrọ."

Òótọ́ ni, mi ò mọ̀. Mo ti rò pé ààbò ni, tàbí pé kí n ṣe ipò kìíní. "Kí lẹ̀ ń tọrọ?"

Wọ́n kọjú sí fèrèsé. "Pé kí Ọlọ́run mú ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ kúrò lọ́kàn ẹ. Pé kí ìdíje yẹn má ṣeé ṣe fún ẹ. Bí o bá ti wà lórí òkè yẹn, mi ò lè jókòó."

Háà! Ṣé o gbọ́ ohun tí mo wí? Mo febi pa ara mi, mò ń ṣe àmín sí àdúrà tí wọ́n fi ń lé mi kúrò lórí kẹ̀kẹ́! Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu mi, èjìká ń dùn mí, mi ò sì lè dá a dúró. Ọkùnrin tó jókòó níwájú wa yíjú wò wá. Ìyá mi kọ́kọ́ fajú ro, lẹ́yìn náà ẹ̀rín gbé àwọn náà, ẹ̀rín yẹn ló sì di ẹkún. Mo fi ọwọ́ mi tó dá di ọwọ́ wọn mú.

"Ẹ ò bá ti sọ fún mi."

"Ìwọ náà, o ò bá ti sọ fún mi pé o ò jẹun."

Egungun jinná, physio, oníṣẹ́ ìlera tó ń na iṣan, sì fa apá mi títí tó fi gbọ́ràn. Lọ́jọ́ ìdíje, ìyá mi, tí wọn ò dé ibi ìdíje kẹ̀kẹ́ rí, wọ kóòtù òjò, wọ́n gbé ìrẹsì àti dòdò dání, nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Wọ́n dúró tì mí bí ọlọ́pàá. "Jẹ ẹ́ tán kí n rí i." Mo jẹ ẹ́ tán. Mo wá bi wọ́n pé, "Àdúrà wo lẹ gbà lónìí?" Wọ́n ní, "Pé kí Ọlọ́run dá ẹ padà fún mi nísàlẹ̀. Kò ju ìyẹn lọ." Mo ṣe àmín sí ìyẹn tọkàntọkàn.

Ẹ̀yìn-ẹ̀yìn ni mo ṣe, àwọn ọmọ tí mo lè bí kọjá mi fìrì. Àmọ́ mi ò ṣubú. Nígbà tí mo yọ nísàlẹ̀, ìyá mi wà létí okùn láàárín àwọn tó ń pariwo, àwọn nìkan ló dijú pinpin. Wọ́n wá wòran, wọn ò wo nǹkan kan. Mo ní láti pè wọ́n kí wọ́n tó lajú.

Mo ti wádìí òkúta, mo ti wádìí ọkàn mi, mo lẹ ẹ̀rọ mọ́ àyà kí n lè mọ ohun tó gbé mi ṣubú. Ìyá tó ń dín ata níbi tí ẹsẹ̀ mi lè tó, mi ò bi wọ́n rí pé báwo ló ṣe máa ń rí lára wọn bí mo bá wà lórí òkè. Mo ti rò pé mo mọ̀. Ní báyìí, bí wọ́n bá pè mí pé àwọn fẹ́ gbàdúrà fún mi, mo máa ń jókòó, màá ní, "Mummy, ẹ kọ́kọ́ sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ tọrọ fún mi ná." Bí wọ́n bá sọ ọ́ tán, èmi náà á sọ tèmi, ẹ̀yìn ìyẹn la tó máa ń jọ ṣe àmín.