Ìyàwó Ilé Wa Tí Wọ́n Pè Ní Abísínwín

Ẹ fa àga yín sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jókòó kí ara yín balẹ̀. Ẹni tó bá ń tẹ fóònù, kó dà á dojú bolẹ̀ ná. Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí n kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ, ìyàwó kan wà ní agboolé wa ní Ilare tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò kúrò nínú mi títí di òní. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé e mì. Ṣùgbọ́n ohun tí etí mi gbọ́ ní àdúgbò Mayfair tí mò ń gbé níbí lóṣù tó kọjá kò jẹ́ kí ó ṣeé gbé mì mọ́.

Ọmọbìnrin kan tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ àdúgbò wa ló bímọ. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀ bi í bí ó ṣe ń sùn sí, bí ọkàn rẹ̀ ṣe rí, bóyá ó máa ń sunkún láìmọ ìdí. Ọmọbìnrin náà dáhùn tòótọ́, nọ́ọ̀sì sì ní kó padà wá rí dókítà tó ń rí sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló wá rò fún mi, tẹ̀rín tẹ̀rín, bí ẹni ń sọ àpárá. Ó ní òun ti sọ fún un pé kò gbọdọ̀ lọ. Ó ní, "Màmá, àìsàn òyìnbó nìyẹn. Ṣé àwọn ìyá wa ṣe irú ẹ̀ ni?"

Wọ́n ṣe é. Ẹ jẹ́ kó yé yín dáadáa pé wọ́n ṣe é. Àìsàn tí kò bá sí nílẹ̀ ẹni kì í ní orúkọ lẹ́nu ẹni. Ta ló fi abísínwín kọ́ wa? Òyìnbó ni? Kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ ilé ìwòsàn sí ìlú yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu àwọn àgbà, ìyẹn ẹni tó bímọ tí orí rẹ̀ dàrú. A mọ àìsàn náà, a sì sọ ọ́ lórúkọ. Ohun tí a kò ṣe ni pé kí a tọ́jú ẹni tó ń ṣe. Orúkọ náà la fi ṣe òkò tí a sọ lù ú.

Ìyàwó tí mò ń wí yìí, àbúrò bàbá mi ló fẹ́ ẹ. Ọmọ Mọdákẹ́kẹ́ ni, ilé bàbá rẹ̀ kò ju ibi tí ẹsẹ̀ ọmọdé lè rìn dé lọ. Ẹ mọ bí ó ti máa ń rí: gbogbo ọmọ tí ìyàwó bá bá nílé, ọkọ rẹ̀ ni wọ́n. Èmi tí ikun imú mi kò tíì gbẹ, ọkọ ni mo jẹ́ fún un. Kò gbọdọ̀ pè mí lórúkọ. Eyínfúnjowó ló sọ mí. Á kúnlẹ̀ kí mi láàárọ̀, èmi náà á ṣe bí àgbà, n ó ní kó dìde, ẹ̀rín á sì pa àwa méjèèjì. Ẹlẹ́fẹ̀ ni. Bí ó bá ń gúnyán lẹ́yìnkùlé, gbogbo ojúde ló máa ń gbọ́ ohun tó ń sọ, àwọn tó sì ń bínú tẹ́lẹ̀ á máa rẹ́rìn-ín.

Ó wá bí ọmọbìnrin. Wọ́n sọ ọmọ lórúkọ, wọ́n jẹ, wọ́n mu. Àwọn èèyàn ń wọlé, wọ́n ń jáde, wọ́n ń kí i bí a ti ń kí gbogbo ìyá ìkókó: o kú ewu o. Ẹ̀yin náà mọ èsì rẹ̀. Ìyá ọmọ á dúpẹ́, á ṣàdúrà fún ẹni tó kí i, ó parí. Ìyàwó wa kò dáhùn bẹ́ẹ̀. Ó gbójú sókè, ó ní, "Ewu náà ò tíì lọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ìyàwó yìí, ìrọbí pàápàá kò gba ẹ̀fẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ẹlòmíràn wọlé lọ́jọ́ kejì, ó kí i, èsì kan náà ni. Lọ́jọ́ kẹta ni ẹ̀rín tán. Ìyá àgbà mi, ìyá tó bí bàbá mi, sọ fún un pé kó yé fi ẹnu rẹ̀ pe ewu sórí ọmọ. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá kí i, kò dáhùn mọ́.

Ẹ gbọ́ mi o. Obìnrin náà sọ ohun tó ń ṣe é. Kò pòwe, kò fi ohunkóhun pamọ́ sábẹ́ ahọ́n. Àwa la ń kí i kú ewu látàárọ̀ dalẹ́, àwa náà la kò mọ̀ pé ewu là ń dárúkọ. A rò pé ọjọ́ tí ọmọ bá ti ké ni ewu ń di ẹrù rẹ̀ lọ.

Ìyá àgbà mi ló ń wẹ ọmọ ní agboolé wa. Àràárọ̀ ló ń wá, á wẹ ọmọ, á fi òrí pa á lára, á nà án lápá nà án lẹ́sẹ̀, á fi omi gbígbóná jó ikùn ìyá rẹ̀, á wá gbé ọmọ fún un, á sì lọ. Ohun tí òun kò dúró rí ni èmi ń rí. Ìyàwó wa kì í sùn bí ọmọ bá sùn. Ògiri ló máa ń wò. Oúnjẹ tí wọ́n bá gbé fún un, èmi ló ń tì í sí. Wàrà á ti ṣàn rin aṣọ rẹ̀ títí dé ìbàdí, kò ní mọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó pè mí wọlé. Ó ti tẹ́ ọmọ sí ìpẹ̀kun ẹní lọ́hùn-ún, òun alára wà ní ìpẹ̀kun kejì, ó jókòó lé ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì. N kò rí àgbàlagbà tó jókòó bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní, "Eyínfúnjowó, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi sọ fún ìyá kí wọ́n wá jókòó tì mí. Mi ò tíì sùn láti ọjọ́ tí mo ti bímọ. Ọwọ́ mi ń bà mí lẹ́rù."

Mo sáré lọ. Orí mi wú pé èmi ni wọ́n rán. Mo jíṣẹ́ náà bí wọ́n ti rán an, n kò fi kún un, n kò yọ níbẹ̀. Ẹ̀wà ni Ìyá àgbà mi ń ṣà, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Èmi bí méje, mo sin mẹ́ta. Ta ló jókòó ti èmi?" Ìgbà tó yá ni ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí àtẹ. Ó ní kí n tún ọ̀rọ̀ ọwọ́ yẹn sọ. Mo tún un sọ. Ó gbé àtẹ sílẹ̀, ó ní, "Abísínwín ni."

Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, ọmọ ti wà lọ́dọ̀ ìyálé ilé wa tó ń fún ọmọ tirẹ̀ lọ́mú lọ́wọ́. Wọ́n ti di ẹrù ìyàwó kó padà sílé bàbá rẹ̀. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ohun kan ṣoṣo ló tọrọ, pé kí wọ́n jẹ́ kí òun fún ọmọ lọ́mú lẹ́ẹ̀kan kí òun tó lọ. Wọ́n kọ̀, wọ́n ní wàrà wèrè á gun ọmọ lórí. Bí wọ́n ti ń mú un kọjá níwájú mi, ó dúró, ó kúnlẹ̀ bó ti máa ń ṣe. Ó ní, "Ẹ ṣé é, Eyínfúnjowó. Ẹ jíṣẹ́ mi."

Mo ti rò ó tòru tọ̀sán fún ọdún tó lé ní ọgọ́ta. Ẹni tó fẹ́ ṣe ọmọ níbi, ṣé á ránṣẹ́ pe àgbà kí wọ́n wá ṣọ́ òun? Ẹni tó jókòó lé ọwọ́ ara rẹ̀ yẹn nìkan ló ń ṣọ́ ọmọ náà nínú gbogbo agboolé wa.

Nílé bàbá rẹ̀, ohun tó tọrọ lọ́wọ́ wa ni ìyá rẹ̀ fún un. Ó jókòó tì í. Ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kó sùn, ó sì ń sùn. Kì í ṣe ọ̀sẹ̀ kan, kì í ṣe méjì. Ṣùgbọ́n nígbà tí a fi máa ń sá kòkó lọ́dún náà, ojú rẹ̀ ti dá.

Ó wá. Ìyá rẹ̀ ló sìn ín wá. Ó ti dirun, ara rẹ̀ ti padà bọ̀ sípò. Ó kúnlẹ̀ láàárín ilé, ó kí gbogbo ọkọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì kí èmi náà. Ó ní ara òun ti yá, òun wá gbé ọmọ òun. Baálé agboolé wa fara ti ògiri, ó ní, "Wèrè kì í san tán, ìyàwó. Ó máa ń ku èyí tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba ọmọdé." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní òwe lẹṣin ọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ náà mo rí ẹṣin tó tẹ èèyàn mọ́lẹ̀.

Wọ́n tún gbé ọmọ náà jáde sí i. Ọmọ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí kò tíì mọ ojú, kí lẹ fẹ́ kó ṣe? Ó figbe ta, ó dì mọ́ ìyálé. Wọ́n ní, ẹ ò rí i, ọmọ mọ̀. Àbúrò bàbá mi tó jẹ́ ọkọ rẹ̀ ń fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ walẹ̀. Ìyá ìyàwó ló fà á dìde nílẹ̀, tí wọ́n sì lọ.

Wọ́n ní ayé ti yí padà. Ó yí lóòótọ́. Láyé ìgbà tiwa, ta ni ì bá bi ìyá ìkókó léèrè oorun? Lónìí, nọ́ọ̀sì ń béèrè, oògùn wà, ẹni tó mọ iṣẹ́ náà wà tí á jókòó ti abiyamọ, tí á gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ìyá àgbà mi kò rí ẹni jókòó ti òun náà nígbà tó sin ọmọ mẹ́ta. Mo fẹ́ràn rẹ̀, n kò sì tíì dárí jì í tán. Ṣùgbọ́n òun lè ní òun kò mọ̀. Ìwọ ìyá ọkọ tí o gbọ́ ohun tí nọ́ọ̀sì sọ, tí o ní kò gbọdọ̀ lọ, kí ni ìwọ fẹ́ sọ? Lọ́sàn-án ọjọ́ tí ìyá ọkọ yẹn wá rò fún mi, mo wọ bàtà mi, mo ní kó ṣíwájú mi lọ sílé rẹ̀. Èmi ni mo sin ọmọbìnrin náà lọ rí dókítà. Ìyá ọkọ rẹ̀ kò kí mi mọ́ láti ìgbà náà. Kó má kí mi.

Ìyàwó wa kú sí Mọdákẹ́kẹ́ nígbà tí ọmọ rẹ̀ pé ọdún mẹ́rìndínlógún. Ibà lásán ni. Ọmọ ní í jogún ìyá, nítorí náà àwọn èèyàn rẹ̀ ru ẹrù rẹ̀ wá sí Ilare, maṣíìnì ìránṣọ kan àti àpótí kan. Ìgbà náà la tó mọ̀ pé ó ti kọ́ṣẹ́ aránṣọ, àti pé ọdọọdún ló ń rán aṣọ kan fún ọmọ rẹ̀, ó ń fi ojú inú díwọ̀n rẹ̀, ó ń tò ó sínú àpótí.

Ìyálé ilé gba maṣíìnì, ó ní òun lòun tọ́ ọmọ. Àwọn aṣọ wẹ́wẹ́ ti kéré ju ẹni tó ni wọ́n lọ, nítorí náà àwọn ìyàwó ilé pín wọn fún àwọn ọmọ tiwọn. Lọ́jọ́ ọdún tó tẹ̀ lé e, aṣọ abísínwín ló kún ojúde wa, kò sì sí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rù pé wèrè wà lára aṣọ.

Èyí tó kẹ́yìn ni ọmọ náà mú. Mo ti lọ́kọ nígbà náà, mo wá kí wọn nílé, ojú mi ló ṣe wọ̀ ọ́. Apá aṣọ náà kò dé ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó ń wò wọ́n, ó bi mí bóyá ìyá òun kò mọ aṣọ rán dáadáa.

Mo ní ó mọ̀ ọ́n rán. Wọn kò jẹ́ kó wọ̀n ọ́ ni.