Kànga Tó Ń Rùn Karosíìnì ní Ìkòsì

Nígbà tí mo ń ṣe wolé-wolé ní Kétu àti Ìkòsì, ọdún díẹ̀ ṣáájú òmìnira, bí àwọn èèyàn bá ti rí mi lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n á sáré lọ da omi ìdọ̀tí nù. Kí n má purọ́, inú mi máa ń dùn sí i díẹ̀. Àmọ́ ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ náà ni kí n rí nǹkan tí kò yé mi, kí n tú u wò títí màá fi mọ ìdí ẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá àgbà kan gbé igbá omi wá bá mi. Kànga ilé wọn ló ti fà á láti ṣe àlùwàlá, ó fi yọnu, ó sì tu ú dànù kíá. Mo gbóòórùn ẹ̀: karosíìnì ni. Ìyá ní òun mọ ẹni tó fà á, ìyàwó ọmọ òun tó ń ta karosíìnì lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ ṣáà kọ ọ́ sílẹ̀, ọ̀gá wolé-wolé. Tẹ́ ẹ bá ti kọ ọ́, ilé bàbá ẹ̀ ló ń lọ lónìí."

Nígbà tí mo débẹ̀, ìyàwó náà jókòó lórí ẹrù tí wọ́n ti bá a dì. Ọkọ ẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Èkó, kò tíì gbọ́ nǹkan kan.

Mo fọwọ́ pa ìdí agolo karosíìnì ẹ̀ yípo. Ó gbẹ táútáú, kò jò. Kànga aládùúgbò kan wà láàárín ibi tó ti ń tajà àti kànga tiwọn. Bó bá jẹ́ pé inú ilẹ̀ ni epo gbà, ibẹ̀ ni ì bá kọ́kọ́ dé. Mo fa omi níbẹ̀, mo kán an sórí bébà tí wọ́n fi ń di ṣúgà, mo sá a sóòrùn. Ó gbẹ láìní àbàwọ́n. Mo kán tiwọn náà, àbàwọ́n epo ò kúrò.

Ó kù kí n mọ bó ṣe débẹ̀. Mo so òkúta mọ́ ìgò kan, mo dé e, mo so okùn kan mọ́ ọrùn ẹ̀, òmíràn mọ́ ìdérí, mo sì sọ ọ́ kalẹ̀ sínú kànga. Ìgbà tí ìgò kan ìsàlẹ̀ kànga ni mo fa ìdérí yọ. Omi ìsàlẹ̀ ò rùn rárá. Ojú omi nìkan ni epo wà. Mo ní, "Ẹnì kan ló dà á sí i látòkè." Inú mi dùn pé mo ti rí i.

"Ẹ ẹ̀ rí i!" ìyá figbe ta. Gbogbo agboolé yíjú sí ìyàwó.

Bàbá ilé, ọkọ ìyá náà, wúkọ́, ó pè mí sẹ́yìn ilé. Ó rọ ohùn ẹ̀ sílẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ̀yin náà lẹ wí. Ẹ ní omikómi tí tanwíji, ọmọ ẹ̀fọn, bá wà nínú ẹ̀, ká da karosíìnì sí i. Mo rí i nínú korobá tí mo fà. Ife kan péré ni mo dà."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ̀rọ̀, bàbá?"

"Wọ́n ń gbé èèyàn lọ sí kóòtù nítorí tanwíji."

Omi kòtò ni mo ní lọ́kàn lọ́jọ́ tí mo sọ ọ́. Ẹ̀rín kọ́kọ́ pa mí, lẹ́yìn náà ojú tì mí gan-an. Mo rò ó pé kí n sọ pé n ò mọ ẹni tó dà á, kí n bá tèmi lọ. Ta ni yóò bi wolé-wolé léèrè?

Mo padà sí àárín agboolé. Mo ní kí wọ́n gbọ́n kànga náà gbẹ, kí wọ́n dúró kó sun omi tuntun. Mo wá ní, "Èmi ni mo ní kí wọ́n máa da karosíìnì sí omi tó bá ní tanwíji. N ò yọ kànga sílẹ̀. Ẹni tó dà á, ọ̀rọ̀ mi ló tẹ̀lé. Ìyàwó yín ò mọwọ́, kò mẹsẹ̀."

Ìyá ṣáà ń tún gèlè wé. Ìyàwó ò dìde lórí ẹrù ẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ," ó ní. "Ìyá ń wé gèlè lọ́wọ́, wọn ò gbọ́."

Mo tún un sọ, mo sì gbóhùn sókè.