Ajá Tó Ń Sanra Nílé Verlyn

Ìyàwó àbúrò mi kì í jókòó. Arvilla ni orúkọ rẹ̀, ó ti lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún, ṣùgbọ́n tí ẹ bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, àfi kí ẹ máa tẹ̀ lé e kiri ilé. Á ti àga sọ́hùn-ún, á tún fà á padà. Á nu tábìlì tó mọ́. Bí pásítọ̀ bá ń gbàdúrà lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Vesper Grove, òun á ti yọ́ dìde lọ wò ó bóyá kọfí ti hó. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ló fi se oúnjẹ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé, mo rò pé ibẹ̀ ló ti kó o. Èmi Twila, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, mi ò ní purọ́ fún yín, ó máa ń sú mi.

Ṣùgbọ́n lọ́dún tó kọjá, nígbà tí yìnyín ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ́, wàhálà rẹ̀ ní ìdí. Ọkàn Verlyn, àbúrò mi, ti ń ṣe ségesège, dókítà sì ní àfi iṣẹ́ abẹ. Dókítà wá wo bí Verlyn ṣe rù. Ó ní, "Bàbá, ara yín ò lè gba ọ̀bẹ báyìí. Pọ́ùn mẹ́tàdínlógóje lẹ wọ̀n. Ẹ padà wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta òní. Tẹ́ ẹ bá pé ogóje, a máa ṣe é. Tẹ́ ẹ bá tún jò sí i, a ò ní fọwọ́ kàn yín o." Arvilla ní tí wọn ò bá wá ṣe é ńkọ́? Dókítà ní kò dájú pé ó máa rí ìkórè àgbàdo ọdún yẹn.

Pọ́ùn mẹ́ta péré! Ẹni tó fi ogójì ọdún sin ẹlẹ́dẹ̀, tó ń mú wọn sanra fún ẹni ẹlẹ́ni!

Ó ti ta àwọn ẹlẹ́dẹ̀ náà nígbà tí àyà kò jẹ́ kó lè gbé garawa mọ́. Mẹ́rin tó kù, wọ́n pa wọ́n, wọ́n kó wọn sínú fìrísà. Ẹran kan wà nínú ẹlẹ́dẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó gùn tó apá ọmọdé, ó sùn ti egungun ẹ̀yìn nínú lọ́hùn-ún. Kì í ṣe iṣẹ́ kankan lára ẹlẹ́dẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi rọ̀ ju gbogbo ẹran yòókù lọ. Méjì péré ló wà nínú ẹyọ kan, nítorí náà mẹ́jọ ni Arvilla ní. Nọ́ọ̀sì ti sọ fún un pé ẹran gbígbẹ á máa há Verlyn lọ́fun, kó wá èyí tó rọ̀, tó sì lómi lára. Bó ṣe di pé ó dójú sọ ẹran mẹ́jọ yẹn nìyẹn.

Kí ẹ mọ̀ pé ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni Arvilla fi se ẹlẹ́dẹ̀ bí gbogbo wa ṣe ń sè é níhìn-ín: a máa se é títí á fi funfun gbáú, á gbẹ, a ó wá bu ọbẹ̀ lé e lórí kó lè gba ọ̀nà ọ̀fun kọjá. Ó pa ìyẹn tì lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ó lọ yá ìwé mẹ́ta ní ilé ìkàwé. Ó ra tẹmómítà kan tí wọ́n ń gún bọ ẹran, tó máa ń ké píì-píì tó bá ti tó. Àwọn ìwé náà ní kó gbé e kúrò lórí iná nígbà tí àárín rẹ̀ ṣì pupa fẹ́ẹ́rẹ́, pé ẹlẹ́dẹ̀ òde òní kò léwu bíi ti àtijọ́, pé ibẹ̀ ni adùn wà. Ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Ó kọ́kọ́ fi ẹnu ọ̀bẹ bó awọ funfun tó le tó bo ẹran náà, ó fi kọfí lílọ̀ àti ṣúgà pupa pa á lára, ó yan án. Ìkejì, ó là á sí méjì bí ìwé, ó tẹ́ ẹ̀fọ́ àti wàràkàṣì sínú rẹ̀, ó ká a, ó fi okùn dì í. Ìkẹta, ápù igi ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ tó ti kó pamọ́ látìgbà ìkórè, àti mọ́sítádì. Ìkẹrin, ó gé e wẹ́wẹ́, ó fi atalẹ̀ àti àlùbọ́sà dín in kíákíá bí àwọn ará Ṣáínà ṣe ń ṣe. Bí ó bá ti gbé e síwájú Verlyn, á dúró tì í, á máa fi aṣọ nu ọwọ́ tó ti gbẹ.

"Báwo ni?"

"Ó yàtọ̀," ni Verlyn máa ń sọ.

Ní ìlú wa, tí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀ nípa oúnjẹ rẹ, lọ wábi jókòó kí o sunkún. Ṣùgbọ́n àwo ń padà ní òfìfo, kí ni Arvilla fẹ́ wí? Ó kàn ń wá ọ̀nà míì ni. Lọ́sẹ̀ kìíní, òṣùwọ̀n ní mẹ́rìndínlógóje. Nígbà tó yá, ó tún lọ sílẹ̀ sí márùndínlógóje. Ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́ ló ń pè mí lórí fóònù.

"Àǹtí Twila, ó tún ti jò!"

"Kí ló jẹ lánàá?"

"Gbogbo ẹ̀ ló jẹ! Àwo mọ́ tónítóní. Mo ní gbogbo ẹ̀, Àǹtí!"

"Bóyá ìwọ lo bá a jẹ ẹ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi ṣeré. Ẹ̀rù ń bà mí."

Ojú tì mí. Mo ní màá wá jẹun lọ́dọ̀ wọn lọ́jọ́ Ìsinmi lẹ́yìn ìsìn, kí n fojú ara mi rí i.

Bosco ni mo kọ́kọ́ rí, ajá wọn. Ajá tó máa ń fò mọ́ mi títí aṣọ mi á fi dọ̀tí, ọjọ́ yẹn kò dìde. Ikùn rẹ̀ tẹ́ sílẹ̀ pẹrẹsẹ lórí kápẹ́ẹ̀tì.

"Arvilla, ṣé ajá yìí lóyún ni?"

"Akọ ni, Àǹtí."

"Mo mọ̀ pé akọ ni!"

Ó ti ré mi kọjá lọ sídìí sítóòfù. Ọjọ́ yẹn, ó ti fi ata dúdú àti ewé olóòórùn bo ẹran kẹfà, ó gé e róbótó-róbótó sínú àwo, ó dára lójú. Mo gé tèmi. Inú rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, omi ń sun lára rẹ̀. Mo fi í sẹ́nu. Mo mu omi, mo tún mu omi, ẹran náà kò kọjá lọ. Nígbà náà ni mo gbójú sókè wo Verlyn, mo sì rí i tí ọwọ́ òsì rẹ̀ rọra lọ sábẹ́ tábìlì. Mo gbọ́ tí Bosco gbé nǹkan mì.

Inú bí mi débi pé mo fẹ́ ju fọ́ọ̀kì lu ú. Ṣùgbọ́n ó yé mi. Ó yé mi ju bó ṣe yẹ lọ.

Lẹ́yìn oúnjẹ, mo ní kó bá mi rìn dé ilé ẹlẹ́dẹ̀ tó ti ṣófo. Mo ti ilẹ̀kùn.

"Ìwọ ọkùnrin yìí, ṣé o fẹ́ kú ni? Ajá lò ń fún lóúnjẹ!"

"Ẹ rọra, ẹ̀gbọ́n."

"Mi ò ní rọra! Ọ̀rọ̀ Orrin ni, àbí?"

Orrin ni àbíkẹ́yìn wa. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí èmi jẹ́ mẹ́sàn-án, tí Verlyn jẹ́ mẹ́fà. Láyé ìgbà yẹn, lọ́jọ́ tí a bá pa ẹlẹ́dẹ̀, àwọn àgbà máa ń fìka mú ẹran lílọ̀ tútù tí a fẹ́ fi ṣe sọ́séèjì, wọ́n á tọ́ ọ wò bóyá iyọ̀ rẹ̀ ti tó. Orrin náà tọ́ ọ wò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ojú rẹ̀ wú, ibà mú un, ó ń ké pé ẹsẹ̀ ń ro òun. Dókítà ní kòkòrò inú ẹran ni. Kí yìnyín tó yọ́, a ti sin ín. Màmá wa kò dárúkọ rẹ̀ mọ́ títí tó fi kú, ẹlẹ́dẹ̀ tí ó bá sì sè láti ọjọ́ náà, á le débi pé eyín àgbà ló ń jẹ ẹ́. Arvilla kàn mọ̀ pé ibà ló pa àbúrò wa kan ni. Nílé wa, a kì í sọ irú ẹ̀.

Verlyn fara ti ọgbà irin. Ó ní, "Èmi ni mo gbé e sókè."

"Gbé ta?"

"Orrin. Ọwọ́ ẹ̀ ò tó tábìlì. Ó ní òun náà fẹ́ tọ́ ọ wò, ni mo bá gbé e sókè." Ó ń wo ilẹ̀. "Tí mo bá ti rí ẹran tó pupa báyìí, ẹ̀gbọ́n, mi ò lè gbé e mì. Mo ti gbìyànjú ẹ̀."

Ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin, n kò gbọ́ ìyẹn rí. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Omi bọ́ lójú mi, mo sì bínú pé ó bọ́.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún ìyàwó ẹ pé kó se é jinná?"

"Ẹ rántí sàláàdì ọ̀dùnkún."

Mo rántí. Ọdún kẹta tí wọ́n ṣègbéyàwó, ó ní iyọ̀ sàláàdì Arvilla pọ̀ díẹ̀. Arvilla sunkún ọjọ́ mẹ́ta. Látìgbà náà, àbúrò mi ò tún sọ̀rọ̀ oúnjẹ rẹ̀ ní búburú. Ó ní, "Ẹ wo bó ṣe ń sáré kiri nítorí mi. Ẹ má sọ fún un. Ẹ ṣèlérí."

Mo ṣèlérí. Mo sì lọ tààrà sí kíṣìnì lọ sọ ọ́. Ṣé kí n pa ìlérí mọ́ kí n lọ sìnkú ni? Mo sọ ti ajá, mo sọ ti ikú Orrin. Ta ló gbé e sókè, ìyẹn ni mi ò sọ. Verlyn ló ni ìyẹn láti sọ.

Arvilla dúró. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí i tó dúró gbagidi. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ìkòkò tó mọ́.

"Ajá! Àǹtí Twila, gbogbo wàràkàṣì yẹn, ajá ló jẹ ẹ́?"

"Ajá ni."

"Kí ló dé tí kò sọ fún mi?"

"Sàláàdì ọ̀dùnkún ni."

"Ṣé ó ṣì rántí ìyẹn?" Ó ju kàn-ìn-kàn-ìn sílẹ̀. Ó lọ yọ ẹran méjì tó kù nínú fìrísà.

Ọjọ́ mẹ́wàá ló kù. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìró òòlù ni mo gbọ́ láti ojú ọ̀nà bí mo ṣe ń bọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Arvilla ti gé ẹran méjèèjì sí mẹ́rin mẹ́rin, ó ń lù wọ́n títí wọ́n fi tẹ́ bí àwo. Ó rì wọ́n sínú wàrà kíkan àti ẹyin, ó fi bisikíìtì oníyọ̀ tó fọ́ wẹ́wẹ́ bò wọ́n, ó dín wọn nínú ọ̀rá. Ó fi ọ̀kan sáàárín búrẹ́dì tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ẹran náà yọ jáde yíká bí ó ṣe yẹ kó yọ nílẹ̀ yìí. Ẹran tó tẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń jinná dénú kó tó ráyè gbẹ. Kò dárúkọ Orrin. Ó kàn gé e sí méjì níwájú ọkọ rẹ̀, ó yí ojú ibi tó gé sí fèrèsé.

"Wò ó."

Verlyn wò ó pẹ́. Funfun ni délẹ̀. Ó wo Arvilla, ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ bá mi jà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Ó jẹ ẹ́ tán, ó ní kí wọ́n fún òun ní èkejì. Bosco ń sunkún lábẹ́ tábìlì. Nígbà tí ègé mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ tán, Arvilla lu ẹran itan, ó sì ń bá a lọ.

Lọ́jọ́ tí a lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà, èmi ni mo wakọ̀. Nọ́ọ̀sì ní kí Verlyn bọ́ bàtà àti kóòtù. Arvilla ní, "Ẹ jẹ́ kó wọ kóòtù, òtútù ń mú un." Nọ́ọ̀sì gba kóòtù, ó wúwo, ó ki ọwọ́ bọ àpò rẹ̀, ó fa òòlù ẹran jáde.

"Màmá, kí lèyí?"

Arvilla wo ilẹ̀. Èmi wo òrùlé. Verlyn gun òṣùwọ̀n láìsí kóòtù, láìsí òòlù: ogóje pọ́ùn àti ààbọ̀. Arvilla ní kí wọ́n tún un wọ̀n. Wọ́n tún un wọ̀n. Ààbọ̀ náà ṣì wà níbẹ̀. Dókítà fún wọn ní ọjọ́ iṣẹ́ abẹ.

A ti wakọ̀ dé ibi afárá nígbà tí Verlyn, tó jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, wúkọ́ díẹ̀.

"Arvilla."

"Kí ló dé? Ṣé àyà ń dùn ẹ́?"

"Iyọ̀ tàná yẹn pọ̀ díẹ̀."

Mo di sítíárìn ọkọ̀ mú gírígírí. Nínú dígí, mo rí ojú Arvilla. Kò sunkún. Ó wo ọkọ rẹ̀ títí a fi kọjá afárá.

"Màá dín in kù," ló wí.

Ó fi orí lé èjìká ọkọ rẹ̀, àwọn ọwọ́ tí kì í sinmi yẹn sì bọ́ sórí itan rẹ̀. Kò pẹ́, mo gbọ́ tó ń hanrun, lọ́sàn-án gangan. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà wọn, mo fẹ́ pa ẹ́ńjìnnì.

"Ẹ má pa á, ẹ̀gbọ́n," ni Verlyn sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Á jí."

Bosco wá dúró sídìí ọkọ̀, ó ń wò wá. Èmi tí mi ò ní sùúrù, mo jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú wọn, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, títí epo fi fẹ́ẹ̀ tán.