Ohun Tí Lékèélékèé Ń Jẹ

Bí ẹ bá fẹ́ bínú sí Adéríbigbé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ mi ná. Ọmọ Ìjù-Odò ni, ó ń ṣe oko ọ̀pẹ, ó sì ń dẹ ìgèrè sínú ọ̀sà. Ó ti lé lógún ọdún tí a jọ ń lọ sí ìjọ Aládùúrà kan náà ní Ìlútítun, n kò sì tíì rí ẹni tó mọ ẹyẹ omi tó o. Kò kàwé, ṣùgbọ́n á dúró lókèèrè, á wo lékèélékèé, á sì sọ ibi tí omi ti mọ sí orúnkún àti ibi tó ti bo orí.

“Ohun tó ń jẹ ni kí ẹ wò,” ló máa ń wí fún wa. Lékèélékèé tó bá ń ki ẹnu bọ omi, tó ń fa ẹja wẹ́wẹ́ jáde, ilẹ̀ ló dúró lé. Èyí tó bá ń ṣá ẹlẹ́ńgà jẹ, orí ojúoró ló wà, omi jíjìn ló sì wà lábẹ́ ojúoró. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi bá fà, wọ́n á ṣù jọ sétí ọ̀sà bí ìjọ tó wọ sùtánà.

Nínú oṣù kejì ọdún yìí, oyún Ìdáraolúwa, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, pé oṣù méje. Méjì ti bàjẹ́ ṣáájú rẹ̀. Wòlíì Gideon ríran pé kó lọ wẹ̀ lẹ́ẹ̀méje nínú ọ̀sà. Àárọ̀ Sátidé la lọ, pẹ̀lú kànìnkànìn tuntun àti àbẹ́là. Ẹ̀rù ti ń bà wá kí a tó débẹ̀, nítorí Ìdáraolúwa kò mọ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́.

“Baba, ibo la máa gbà wọlé?” ni wòlíì bi í.

Adéríbigbé fi ọwọ́ bo oòrùn lójú, ó rí lékèélékèé mẹ́rin lókèèrè, ó nawọ́. “Ibẹ̀ yẹn. Éè ju orúnkún lọ.” Ìkánjú ni. Òun náà fẹ́ kó tètè tán, kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀.

Ìṣísẹ̀ kẹrin ni ojúoró ya lábẹ́ Ìdáraolúwa. N kò gbọ́ igbe. Ohun tó dẹ́rù bà mí jù nìyẹn, kò sí igbe rárá, ewé sì pa dé lórí rẹ̀. Adéríbigbé bẹ́ sómi taṣọtaṣọ. Ó mòòkùn lẹ́ẹ̀kan, ọwọ́ òfo. Ó mòòkùn lẹ́ẹ̀kejì, ọwọ́ òfo. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni ọwọ́ rẹ̀ tó ba àmùrè ọmọ rẹ̀.

Nígbà tí a tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó pọ omi, ó sì di ikùn mú. “Éè mira mọ́,” ló wí nípa ọmọ inú rẹ̀. Mo ń gbàdúrà, n kò mọ ohun tí mò ń wí. Ó pẹ́ kí Ìdáraolúwa tó kígbe pé, “Ó tàpá! Ó tàpá!”

Bí Wòlíì Gideon ṣe mi agogo nìyẹn. “Ọwọ́ ayé ló fà á! Obìnrin kan nílé ọkọ rẹ̀ ni!” Agatha, ìyá ọkọ Ìdáraolúwa, nìkan ni obìnrin mìíràn nínú ilé yẹn. Òun ló ń gbomi gbígbóná fún un nígbà tí oyún méjèèjì bàjẹ́.

Ìdáraolúwa fi ọwọ́ méjèèjì bo ikùn rẹ̀. “Mé è lọ ulé ọkọ mi mọ́.”

Mo wo Adéríbigbé. Gbogbo ìjọ ń yìn ín pé akọni ni. Bó bá panu mọ́, ta ni yóò mọ̀?

Bàbá kúnlẹ̀ fún ọmọ nínú ẹrẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. “Ọma mi, éè ṣe Agatha. Èmi ni. Ẹlẹ́ńgà ni àwọn ẹyẹ yẹn ń jẹ, mé è sì wò ó.”

Ìdáraolúwa fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú ti bàbá rẹ̀, ó ní kí a gbé òun lọ sọ́dọ̀ Agatha.