Bàbá Adélékan àti Pọ́pìtì Onígíláàsì

Irinwó yúrò ni ìjọ wa ra pọ́pìtì onígíláàsì tí olóògbé Bàbá Ezekiel Adélékan gbé sá. Owó yẹn ló dun àwọn alàgbà jù. Ẹ̀ṣẹ̀ wà ní ipò kejì.

Ohun tó fà á ni pé onílé lé wa kúrò nínú ilé ìkẹ́rùsí tí à ń lò ní Ballycoolin, ní Dublin níbí. Àwọn kan ní ká kó lọ sí Blanchardstown torí bọ́ọ̀sì. Alàgbà Akọ́ládé àtàwọn tiẹ̀ ní ká wá ilé ìkẹ́rùsí mìíràn nítòsí, torí ibi ìgbọ́kọ̀sí ọ̀fẹ́. Apá méjèèjì gbààwẹ̀. Ọlọ́run dá wọn lóhùn, Ó sì gbè sẹ́yìn apá méjèèjì. Ìjọ fẹ́ fọ́.

Ni Bàbá bá dìde. "Ní káúńtì wa..."

Gbogbo ilé mí kanlẹ̀.

Ọdún méjì ló fi kàwé ní káúńtì kan, ìyẹn bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa, ní ìgbèríko ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, kò sì síbi tí kì í ti sọ ìtàn rẹ̀. Níbi ìkómọ kan, wọ́n ní kó fún ọmọ lórúkọ. Ó bẹ̀rẹ̀ látorí àwọn onílẹ̀ àtijọ́, ó dórí àwọn darandaran. Ìrẹsì tutù. Bàbá ọmọ ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, orúkọ ńkọ́?"

"Ẹ ní sùúrù, rélùwéè ò tíì dé."

Lọ́jọ́ ìjà yìí, ó ní ìlú méjì ló ń du kọ́ọ̀tù káúńtì náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́, títí àwọn kan fi gbé odindi ilé kọ́ọ̀tù ọ̀hún sórí gẹdú, tí wọ́n fi màlúù wọ́ ọ lọ sílùú wọn. Bí ìlú wọn ṣe di olú ìlú káúńtì nìyẹn, torí ibi tí kọ́ọ̀tù bá wà ni olú ìlú wà.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, Dublin la wà," Akọ́ládé ní. "Màlúù dà?"

"Mo ní Toyota."

A rẹ́rìn-ín. Nígbà tó di ọjọ́ Sunday, pọ́pìtì ti wà ní pálọ̀ Bàbá. "Ibi tí pọ́pìtì bá wà ni ìjọ wà," ó ní lórí fóònù. "Màmá ti se ìrẹsì."

Ìmọ́lẹ̀, ọmọ rẹ̀ tí wọ́n bí sí Dublin, figbe ta: "Dad, you're after robbing a church!" Gẹ̀ẹ́sì àwọn ará Dublin nìyẹn: ó ní bàbá òun ti ja ìjọ lólè.

"Mo ṣí i nípò ni. Lọ kó àga wá."

Tìbínútìbínú ni apá méjèèjì dé. Àga ò tó. Orúnkún Akọ́ládé gún ẹni tó ń bá jà lẹ́yìn, abọ́ ẹran kan ṣoṣo ni wọ́n sì gbé fún àwọn méjèèjì. Ta ló lè bá ẹni tó ń na ẹran sí i jà? Kí wọ́n tó mu tíì tán, wọ́n ti fẹnu kò: Blanchardstown ni, ṣùgbọ́n Akọ́ládé ni yóò máa di kọ́kọ́rọ́ mú.

Oṣù kejì ọdún yìí ni Bàbá kú. Lẹ́yìn ìsìnkú, a jókòó sínú ìjọ ní Blanchardstown. Akọ́ládé dìde, ó wúkọ́. "Ní káúńtì wa, àwọn darandaran ló kọ́kọ́ dé..."

"Rárá o! Àwọn onílẹ̀ ńkọ́?"

Gbogbo ilé ló pariwo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tòun ti Ìmọ́lẹ̀, ní Yorùbá.

Akọ́ládé nu ojú. "Ẹ má bínú," ó ní, ó sì mú un láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó wo aago.