Ìkòkò Tí Jeom-rye Fi Ọṣẹ Fọ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rí àwòrán Jeom-rye lára ìgò, tó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ò sunkún rí, èmi ni kẹ́ ẹ wá bi. Ọgbà kan ló là wá láàárín láti ogójì ọdún. Mo rí i lọ́jọ́ tó dé, ìyàwó tuntun, tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́. Ìkùukùu odò Seomjin bò ó dé ọrùn, àfi bíi pé orí nìkan ló ń bọ̀ nílé ọkọ.

Ẹ̀yìnkùlé ìyá ọkọ ẹ̀ làwọn ìkòkò amọ̀ jókòó sí, bí aboyún tó ń yáàrùn. Ọ̀kan dàgbà ju gbogbo wọn lọ. Omi ẹ̀wà sóyà oníyọ̀ tá a fi ń se ọbẹ̀ ló wà nínú ẹ̀, ó dúdú bí ojú adágún. Ọdọọdún ni wọ́n ń bu tuntun lé e. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ rí ìdí ẹ̀, omi náà ò sì gbọdọ̀ jáde nílé yẹn. Tí ìyá àgbà bá gbọ́ pé ṣíbí kan jáde, ìyàwó á tẹ̀lé e.

Ìyá àgbà kú, ọkọ náà tẹ̀lé e. Jeom-rye bẹ̀rẹ̀ sí í ta omi náà. Díẹ̀díẹ̀, òórùn ìkòkò yẹn rìn dé Seoul. Ilé ìtajà ńlá kan ní àwọn á rán ọkùnrin kan wá tọ́ ọ wò. Tó bá dùn mọ́ ọn, gbogbo ohun tó bá ṣe làwọn á máa kó. Jeom-rye ti ta màlúù kan ṣoṣo tó ní, ó ti fi owó ẹ̀ kọ́ ilé iṣẹ́. Tí ọkùnrin yẹn bá fi lè yínmú, ó parí nìyẹn.

Ìbẹ̀rù àlejò ò dáa. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta, iyọ̀ tó gbẹ mọ́ ẹnu ìkòkò bẹ̀rẹ̀ sí í tì í lójú. Ó gbọ́n omi inú ẹ̀ sínú ọpọ́n, ó mú ọṣẹ olómi tí Dong-sik ọmọ ẹ̀ rà fún un, ó fọ ìkòkò tinú-tẹ̀yìn, ó sì da omi padà. Bẹ́ẹ̀, ọmọ kékeré abúlé wa mọ̀ pé koríko ìrẹsì àti omi gbígbóná la fi ń fọ̀ ọ́. Amọ̀ ń mí. Ohun tó bá fà mu, á bì í padà.

Àárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ àlejò, oòrùn yọ láti inú ìkùukùu, mo rí ìfóòfó wẹ́wẹ́ lára ìkòkò, tó ń dán bí ojú ẹja. Mo dúró tì í bí ẹni tó ń lálàá. Imú mi ló jí mi: òórùn ọṣẹ ni.

"Ìyá Dong-sik, ṣé ìkòkò rẹ ń wẹ̀ ni?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ti ìka bọ inú ẹ̀, ó lá a, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti pa ìyá ọkọ mi lẹ́ẹ̀kejì."

Mo ní ti àkọ́kọ́, ogbó ló pa á, kó má gba ẹ̀bi ẹlẹ́bi. Mo bá yíjú sílé.

Ohun tẹ́nì kankan ò mọ̀ rèé. Lọ́dún tí òtútù la ìkòkò tèmi, tí ọbẹ̀ mi ò dùn lẹ́nu mọ́, Jeom-rye fi àwo omi ìkòkò yẹn kan pamọ́ sábẹ́ síkẹ́ẹ̀tì, ó gba inú ìkùukùu fo ọgbà, ó bù ú fún mi. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń bu tuntun lé e, nínú ìkòkò kan lẹ́yìn igi ìdáná.

Mo gbé e lọ bá a. Ó gbóòórùn ẹ̀ títí, omi bọ́ lójú ẹ̀.

"Ẹ ò sọ fẹ́nì kankan?"

"Olè méjì kì í wá ẹlẹ́rìí."

Lọ́jọ́ kejì, Ọ̀gbẹ́ni Pyo, ọkùnrin ilé ìtajà yẹn, dé pẹ̀lú bàtà tó ń dán ju iwájú orí ẹ̀ lọ. Èmi ì bá purọ́ fún un. Jeom-rye sọ gbogbo ẹ̀: ọṣẹ, síkẹ́ẹ̀tì, èmi. Ọkùnrin náà tọ́ èyí tí mo gbé wá wò, ó dijú, ó pẹ́ débi tí mo fi rò pé ó ti sùn. Ó wá ní ó ń ṣe òun bíi pé ìyá ìyá òun dúró sẹ́yìn òun. Ó ní kí wọ́n gbé ìwé wá, káwọn fọwọ́ sí i.

Ìkòkò ọlọ́ṣẹ yẹn ṣì wà níbẹ̀, òdòdó ló gbìn sínú ẹ̀. Tójò bá rọ̀, ó ṣì ń hó. Mo máa ń ké láti ojú ọgbà pé, "Ìyá ọkọ rẹ tún ń fọṣọ o." Á ní kí n panu mọ́. Tí oṣù kìíní bá sì ti dé, á gbé àwo omi ẹ̀wà kan wá fún mi, ó ń gba ẹnu ọ̀nà wọlé lójú gbogbo ayé.