Àálè Orí Òkè Yìnyín

Bí mo tilẹ̀ dàgbà káyín, n kò ní gbàgbé ọjọ́ tí èmi, ọmọ àgbẹ̀ láti ìlú Idigny, gun òkè yìnyín ní Faransé. Ẹ̀gbọ́n mi Sálíù, tó ń ṣamọ̀nà àwọn èèyàn níbẹ̀, ló mú mi lọ. Ó fi okùn so ìbàdí wa pọ̀, ó sì bọ́ síwájú. Kò pẹ́ tí kùrukùru fi bolẹ̀, n kò rí i mọ́.

Lójijì mo rí igi kan tí wọ́n ri mọ́ yìnyín, tí wọ́n so aṣọ pupa mọ́ lórí. Lóko wa, àálè nìyẹn: ẹni tó bá kọjá á, ohun tójú rẹ̀ bá rí, òun ló fà á. Mo bá yà sápá òsì.

Sálíù rí i pé okùn ti yí. "Má yà o! Àwa amọ̀nà la ri igi yẹn! Ibẹ̀ lọ̀nà wà!"

Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Yìnyín là lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, mo já sínú kòtò dúdú. Okùn nìkan ló gbà mí dúró. Mo rọ̀ dirodiro, mo ń ké pe ìyá mi, títí Sálíù fi fà mí jáde.

Mo ti padà sílé. Mo mọ̀ pé ilẹ̀ Idigny kì í lanu. Síbẹ̀, bí mo bá ń lọ sóko, mo ń fi igi gún ilẹ̀ wò kí n tó gbẹ́sẹ̀.